Bàbá Wọn Kọ́ Ló Di Màlúù

Níbi àsè ìgbéyàwó kan láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ pé ará Íńdíà tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ kì í fẹnu kan ẹran màlúù. Kó tó sọ ọ́ tán ni bọ̀dá kan ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Bàbá wọn tó bá kú, màlúù ló ń dà." Gbogbo tábìlì mi orí. Mo ti gbọ́ ọ nílé ìwé, mo ti gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí èyí tó hàn gbangba. Bó bá jẹ́ torí bàbá tó di ẹran ni, ewúrẹ́ ńkọ́? Àwọn Híńdù, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn tó pọ̀ jù ní Íńdíà, tó ń jẹ ewúrẹ́, adìẹ àti ẹja pọ̀ jàra, tí wọn kò sì ní fẹnu kan màlúù. Màlúù ló ń fún wọn ní wàrà, bọ́tà rẹ̀ tí wọ́n yọ́ ni wọ́n ń dà síná ẹbọ, akọ rẹ̀ ló ń túlẹ̀ oko, ìgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n fi ń dáná. Ìyá ni wọ́n sì ń pè é. Ta wá ni bàbá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Mo fura pé ojú Babátúndé la fi ń wò wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni rere tó kú máa ń yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ilé tó ti jáde ló ń padà sí. A wá gbọ́ pé àwọn Híńdù náà ń padà wáyé, a gbọ́ pé wọn kì í jẹ màlúù, a so méjèèjì pọ̀, ó di ìtàn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọn tó sọ̀rọ̀ àtúnwáyé, ìwà tí èèyàn hù ló ń yan inú tí wọn yóò ti bí i. Orúkọ ìdílé kì í yàn án.

Àwọn ìwé náà kò tilẹ̀ bẹ̀rù ẹran màlúù. Nínú Brihadaranyaka Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Upanishad, tí àwọn onímọ̀ fojú bù sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje tàbí ìkẹfà ṣáájú ìbí Jésù, ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Yajnavalkya ṣàlàyé ikú fún Ọba Janaka. Ó ní bí kòkòrò tó ń rákò ṣe máa ń dé ṣóńṣó ewé koríko kan, tí yóò na ara mú òmíràn, tí yóò sì fa ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kú ṣe ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní bí èèyàn bá ṣe hùwà ló ń dà. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ àtúnwáyé ti kọ́kọ́ hàn kedere nìyẹn. Yajnavalkya yìí kan náà ni Shatapatha Brahmana, ìwé ńlá tí Upanishad yẹn jẹ́ ìparí rẹ̀, sọ pé nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹran màlúù, ó ní òun ń jẹ ẹ́ ní tòun, bó bá ṣáà ti rọ̀. Ní ìparí Upanishad náà, wọ́n gba tọkọtaya tó ń fẹ́ ọmọ tó mọ̀wé nímọ̀ràn pé kí wọ́n se ìrẹsì pẹ̀lú ẹran akọ màlúù, kí wọ́n fi bọ́tà sí i. Àwọn kan lónìí ní orúkọ ewé ni ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí akọ màlúù yẹn. Mi ò ní bá wọn jà, àmọ́ "ìrẹsì ẹlẹ́ran" ni ìwé náà pe oúnjẹ ọ̀hún. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí èèwọ̀ màlúù tó le.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí gan-an wà níwájú. Kí ló ń padà wá ná?

Katha Upanishad, òmíràn nínú àwọn ìwé yẹn, ní ọmọ kan, Nachiketa, rí bàbá rẹ̀ tó ń fi màlúù tọrẹ níbi ẹbọ, àwọn màlúù tó ti gbó, tó ti mu omi àmukẹ́yìn, tí wàrà wọn ti tán. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ni wọn yóò wá fi òun ta lọ́rẹ. Bàbá bínú: "Ikú ni mo fi ọ́ fún!" Ọmọ lọ sílé Ikú, ìyẹn Yama, kò bá a nílé, ó sun oorun mẹ́ta níbẹ̀ láìjẹun. Ojú ti Yama nígbà tó dé, nítorí àlejò kì í sùn lébi, ó ní kó tọrọ nǹkan mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ló le: bí èèyàn bá kú, àwọn kan ní ó ṣì wà, àwọn kan ní kò sí mọ́, èwo lòótọ́? Yama bẹ̀ ẹ́ kó gba erin, ẹṣin, wúrà, àti àwọn ọmọ tí yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ní àwọn òrìṣà pàápàá ti ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọmọ kọ̀.

Ìdáhùn tó gbà ni pé ohun kan wà tí a kì í bí, tí kì í kú, tí a kì í pa bí a bá pa ara. Kò ti ibì kankan wá, kò sì di ẹnikẹ́ni. Ẹ tún ìyẹn kà. Ohun tí kò di ẹnikẹ́ni, báwo ni yóò ṣe wá di màlúù?

Atman ni wọ́n ń pè é, àwa sì ń sáré túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹ̀mí". Ọ̀rọ̀ náà fara jọ ọ́ láyé àtijọ́ lóòótọ́: nínú Rigveda, èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Veda, orin ìsìnkú kan ní kí ojú òkú lọ bá oòrùn, kí atman rẹ̀ lọ bá afẹ́fẹ́, èémí lásán ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ọwọ́ Yama, ó ti di nǹkan mìíràn. Ẹ̀mí tiwa a máa gùn, a máa kúrú, a máa bọ́. Eléyìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọkàn ńkọ́? Ọkàn ń bínú, ó ń ṣe ojúkòkòrò, lójú àwọn ìwé yìí ó sún mọ́ ara ju atman lọ. Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, ní atman wà níbi gbogbo, kì í yẹsẹ̀. Ohun tó wà níbi gbogbo kò ní ibi tí yóò rìnrìn àjò lọ.

Síbẹ̀, Gita yìí kan náà sọ, ní ẹsẹ bíi mélòó kan ṣáájú, pé bí èèyàn ṣe ń bọ́ aṣọ tó gbó láti wọ tuntun ló ń bọ́ ara. Ta ló ń wọ aṣọ, bí kò bá sí ẹni tó ń lọ? Shankara, onímọ̀ ẹ̀sìn wọn kan láyé àtijọ́, dáhùn pé èrò ọkàn, èémí àti ẹrù ìwà ló ń rìn, atman kò kúrò lójú kan. Ramanuja, onímọ̀ mìíràn tó wáyé ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kò gbà: ó ní olúkúlùkù ní atman tirẹ̀, ó kéré jọjọ, ó sì ń lọ lóòótọ́. Àwọn àgbà wọn fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan, bọ̀dá wa sì ti parí ẹ̀ kí ìrẹsì tó tutù.

Mi ò ní sọ pé irọ́ ni látòkè délẹ̀. Katha ní àwọn kan ń di igi. Chandogya, Upanishad mìíràn, ní ẹni tí ìwà rẹ̀ ń rùn lè tinú ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ jáde, ó sì to èèyàn bíi tiwa, ẹni tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀gbin láwùjọ, mọ́ àwọn ẹranko yẹn. Bẹ́ ẹ bá ń wá ohun tí ẹ óò fi bínú sí ìwé náà, òun nìyẹn. Kò dárúkọ màlúù níbẹ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń di màlúù níbì kan. Ohun tí mo lè sọ ni pé mi ò rí i pé ìyẹn ló fa èèwọ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ pé "Veda sọ pé" láìsí orí láìsí ẹsẹ. Ẹ túbọ̀ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kí òun lè sọ ohun tí ẹ jẹ́ láyé ìṣáájú, nítorí kì í pẹ́ tí owó kejì yóò fi tẹ̀lé e, fún ètùtù.

Mo gbìyànjú láti sọ díẹ̀ nínú èyí fún bọ̀dá yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ, ó ní kó bu ṣàkì sí i fún òun.