Bí wọ́n ṣe ń wọn bí kọfí lílọ̀ ṣe kúná tó

Ẹni tó bá gún kọfí Kàbà tàbí ti Ìjùmú nínú odó, tó yí omi gbígbóná lé e, lè rí i pé ó korò, síbẹ̀ kò ki. Gígún ló fà á. Odó kì í jẹ́ kó kúná dọ́gba: lẹ́búlẹ́bú wà níbẹ̀, hóró ńlá náà wà níbẹ̀. Omi á ti fa lẹ́búlẹ́bú dé orí ìkorò kó tó ráyè wọ inú hóró ńlá. Bí àwọn méjèèjì ṣe pọ̀ tó ni lábù, ìyẹn yàrá àyẹ̀wò, ń wá.

Ajọ̀ ni ọ̀nà àtijọ́. Ẹni tó ti jọ gàrí rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, àmọ́ irin ni ti lábù, ojú rẹ̀ sì dọ́gba. Wọ́n á tò wọ́n léra: èyí tó fẹ̀ lójú jù lókè, bíi 850 máíkírọ́ọ̀nù, kó tó kan 600, 425, 300, 212 àti 150, pẹ̀lú àwo tí kò lójú nísàlẹ̀. (1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan.) Wọ́n á da 100 gíráàmù kọfí sókè, ẹ̀rọ á mì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á sì wọn ohun tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìsàlẹ̀ ni ajọ̀ ti ń dójú tini. Kọfí yíyan ní òróró, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra. Tí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Kàbà gbẹ, iná mànàmáná inú ìfarakanra tún ń so ó mọ́ irin. Ojú ajọ̀ á dí, ohun tó yẹ kó kọjá á jókòó, àbájáde á sì máa purọ́ pé kọfí náà kò kúná tó bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ń ràn án lọ́wọ́, kì í wò ó sàn.

Lábù tó lówó ń lo ìmọ́lẹ̀ lésà. Wọ́n á fẹ́ kọfí náà gba inú ìmọ́lẹ̀ kọjá. Hóró ńlá kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà yà jìnnà, kékeré ń fọ́n ọn ká. Kọ̀ǹpútà á fi èyí ṣírò. Tí kọfí bá kúná bíi ti ẹ́sípírẹ́sò, ìyẹn kọfí kíki tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀, àwòrán ìṣirò rẹ̀ sábà máa ń yọ òkè méjì, kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ 100 máíkírọ́ọ̀nù, àti ńlá kan tó jù ú lọ dáadáa. Òkè kékeré yẹn ni ajọ̀ kì í sábà rí.

Nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni d50, ìyẹn ìwọ̀n tí ìdajì kọfí náà kéré sí. Kò tó. Ẹ̀rọ ìlọkọfí méjì lè ní d50 kan náà kí ti ọ̀kan kún fún lẹ́búlẹ́bú. D10 (ìwọ̀n tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọfí náà kéré sí) àti d90 (èyí tí ìdá àádọ́rùn-ún kéré sí) ló ń tú àṣírí.

Ajọ̀ àti lésà kì í sì í bára mu. Hóró kọfí tó rí gbọọrọ lè naró yọ́ kọjá lójú ajọ̀, lésà sì ń ṣírò rẹ̀ bí ohun róbótó. 400 ti ajọ̀ kì í ṣe 400 ti lésà, nítorí náà ìwé àbájáde tí kò bá sọ èwo ni wọ́n lò kò ṣeé fi tún ẹ̀rọ ìlọkọfí ṣètò.