Tánkì ìtọ́jú ẹja àrọ̀ aláìsàn

Tánkì ìtọ́jú ni ike ńlá, àgbá tàbí pọ́ńdù tapólì kékeré tí olùsìn ẹja yà sọ́tọ̀ fún ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, kí oògùn má baà kan àwọn tó kù, kí àrùn náà má sì ràn wọ́n. Àrọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja ní Ìlọrin àti ní gúúsù Kwara, láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, ń sìn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìdí tí a fi ń yà á sọ́tọ̀

Ẹja tó ní kòkòrò lára ń da á sínú omi tí gbogbo yòókù ń gbé. Àrọ̀ tún ń jẹ ara wọn: èyí tí kò bá lágbára mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já a jẹ láti ìrù. Owó oògùn tún ńkọ́? Pọ́ńdù tó gba omi lítà 20,000 yóò jẹ oògùn ìlọ́po 40 èyí tí tánkì olómi lítà 500 yóò jẹ.

Àsìkò oúnjẹ ni ẹja aláìsàn máa ń fara hàn. Nígbà tí àwọn yòókù bá ya bo oúnjẹ, òun á nàró lójú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ lè ti gé, ẹnu rẹ̀ lè ti bó. Ohun funfun onírun tó lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ sábà máa ń jẹ́ Saprolegnia, ohun tó dà bí olu tó ń hù lára ẹja. Bí ikùn bá wú tí awọ abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, bakitéríà Aeromonas ni a kọ́kọ́ ń fura sí.

Ìmúra tánkì àti omi

Tánkì oníke lítà 1,000 tí a gé lórí dára fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n a kì í pọn omi kún un. Àrọ̀ ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́, èyí tó ń ṣàìsàn kò sì ní agbára àtiwẹ̀ jìnnà. Omi tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ tó o. A kì í da yanrìn tàbí òkúta sí ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Àwọ̀n ni a fi ń bo ẹnu tánkì, nítorí pé àrọ̀ máa ń fò jáde nígbà tí oògùn bá ta á lára. Abẹ́ ibòji ni tánkì ń wà: ike dúdú nínú oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin lè se ẹja láàyè.

Omi gan-an ló ń pinnu bóyá ẹja yóò yè, ó ju oògùn lọ. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní klorínì nínú, oògùn apakòkòrò tó lè pa ẹja. A ń pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Omi kànga dẹ̀rọ̀ kì í ní ọ́síjìn púpọ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí a bá jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá àrọ̀ lára mu. Lásìkò ọyẹ́, omi inú tánkì kékeré ń tutù kíákíá lóru, ìgbà náà sì ni àrùn àmì funfun, tí kòkòrò tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ Ichthyophthirius ń fà, ń rọrùn láti tàn. Inú yàrá ni ó yẹ kí tánkì wà nígbà náà.

Nítorí pé kò sí kòkòrò rere tó ń sọ ìgbẹ́ ẹja di aláìléwu nínú tánkì tuntun, ammonia, májèlé tó ń ti inú ìgbẹ́ náà wá, á kó jọ láàárín ọjọ́ kan. A ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi tàbí ìdajì rẹ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ á sì kéré gan-an.

Oògùn

Iyọ̀ ni a kọ́kọ́ ń lò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ nínú lítà 500 ni ẹja lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá dà ìdajì omi nù, ìdajì iyọ̀ nìkan ni a ó fi kún tuntun. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i lójoojúmọ́ yóò pa ẹja.  

Potassium permanganate, gíráàmù 2 fún lítà 1,000, ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò ìta ara. Omi á kọ́kọ́ gba àwọ̀ elésè-àlùkò, lẹ́yìn náà á wá dà bí omi tíì. Bó bá tètè dà bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí inú omi ló ti jẹ oògùn náà tán. A kì í pò ó mọ́ formalin, oògùn olómi mìíràn tí a fi ń pa kòkòrò. Malachite green, àró aláwọ̀ ewé tí àwọn kan fi ń tọ́jú ẹja, kò yẹ fún ẹja tí ènìyàn yóò jẹ. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà á láàyè.

Oògùn apabakitéríà tí a pò mọ́ oúnjẹ kò ràn ẹja tí kò jẹun mọ́ lọ́wọ́, dókítà ẹranko ló sì yẹ kí ó sọ irú èyí tí a ó lò. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi aláìníyọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní New Bussa, ìlú tó wà lábẹ́ Kwara kí ó tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger ní 1991. Ẹja tó bá jẹ oxytetracycline, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apabakitéríà, kò gbọdọ̀ dé ọjà kíákíá: ọjọ́ 21 ni wọ́n ń dúró fún àrọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìdápadà àti ìmọ́tótó

Lẹ́yìn tí àmì àrùn bá ti kúrò, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ẹja ṣì ń lò nínú omi tí kò ní oògùn kí ó tó padà sí pọ́ńdù. Àwọ̀n àti garawa tánkì yìí kò gbọdọ̀ kan omi pọ́ńdù. Òkú ẹja ni a ń sin jìnnà sí kànga, a kì í tà á. Omi oògùn kò gbọdọ̀ ṣàn wọ odò. Ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sí irè oko lórí rẹ̀ ni a ń dà á sí. Lẹ́yìn èyí, a ó fọ tánkì, a ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ.