Ẹranko kì í dìbò: ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọn lè gbà dé káńsù l'Abẹ́òkúta

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà nílẹ̀ Netherlands tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹranko ló fi ń tọrọ ìbò. Partij voor de Dieren lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ fún àwọn ẹranko. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2006, ó ti gba àga 2 nínú 150 tó wà nílé aṣòfin wọn, kò sì sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ti wọ ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kankan ṣáájú rẹ̀. Ó gba àga 6 lọ́dún 2021, ó tún padà sí 3 lọ́dún 2023. Jámánì, Pọ́túgà, Sípéènì àti Ọsirélíà náà ní irú tiwọn.

Ẹni tó bá ń sin ẹran l'Abẹ́òkúta tó gbọ́ èyí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá a lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́ ni ọ̀nà tó yá níbí. Agbára tí a ń wá kiri wà ní káńsù, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 1999.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ló gbé ẹgbẹ́ Netherlands yẹn dé ibi tó dé. Gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n kà pọ̀ bí ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo, ìdá kan nínú 150 gbogbo ìbò sì tó láti fi gba àga kan. Nǹkan bí 180,000 ènìyàn ló dìbò fún wọn lọ́dún 2006; kò tó ènìyàn 2 nínú 100. Ẹ wá wo Sípéènì. Ẹgbẹ́ PACMA, ẹgbẹ́ àwọn ẹranko tiwọn, gba ìbò tó lé ní 300,000 lóṣù kẹrin 2019, kò sì rí àga kankan gbà. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, ìbò PACMA sì fọ́n káàkiri, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ibi tó ti pọ̀ tó.

Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣíwájú ló kó gbogbo rẹ̀. Abala 221 nínú ìwé òfin 1999 kò gba ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ láàyè láti tọrọ ìbò fún olùdíje, àfi ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, kí ó ní olú ọ́fíìsì l'Abuja, kí àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ sì wá láti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja, ó kéré tán. Bó bá ṣe gbogbo èyí tán tí ìbò rẹ̀ kò tó nǹkan, abala 225A fún INEC lágbára láti fagi lé e. Lóṣù kejì 2020, ẹgbẹ́ 74 ni wọ́n fagi lé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí ẹgbẹ́ kan máa ná sórí ọ́fíìsì Abuja, bí wọ́n bá fi gbẹ́ kànga sí odò ẹran, màálù á rí omi mu lọ́dún yìí.

Ẹ wá ṣí Àfikún Kẹrin ìwé òfin kan náà, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Káńsù ló ni iṣẹ́ kíkọ́, títọ́jú àti ṣíṣe òfin fún odò ẹran, ọjà àti gáréèjì. Káńsù náà ló ni ìṣàkóso ẹran ilé, bí a ṣe ń sìn wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń rìn kiri. Ọjà ẹran tó wà ní Láfẹ́nwá, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ní Kútọ̀, ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ gbólóhùn méjì yìí. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín lè gbé àbá òfin kalẹ̀ lórí wọn láìdúró de Abuja.

Òfin tó wà nílẹ̀ ti gbó. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tó bá lu ẹran nílùkulù, tó dì í lẹ́rù jù, tàbí tó dá a lóró, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san 50 náírà. Owó yẹn kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn kọ́ ni àìsàn rẹ̀ gan-an. Òfin náà kò sọ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe nìkan ló sọ. Ọlọ́pàá tó bá rí ewúrẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà kò mọ ibi tí ìlò tó dáa parí sí tí ìyà bẹ̀rẹ̀. Òfin káńsù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ débi tí wolé-wolé á lè wò ó lójú kó mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Màálù tó bá ti Òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ ti lo ọjọ́ lójú ọ̀nà. Ooru, ebi àti ìjàkadì ti sun ṣúgà tó wà nínú iṣan rẹ̀ tán. Ṣúgà yìí ló yẹ kó di kíkan nínú ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá dúńbú rẹ̀, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹran tètè bàjẹ́. Bí kò bá sí i, ẹran á dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì rùn kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìyàwó ilé tó rà á ló jẹ gbèsè ìyà tí màálù náà jẹ. Nítorí náà, kí òfin sọ pé màálù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ sinmi lábẹ́ ìbòòji fún wákàtí 12, ó kéré tán, pẹ̀lú omi níwájú rẹ̀, kí wọ́n tó mú un lọ sídìí ọ̀bẹ.

Níbí ni ọ̀pọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ ti máa ń kú. Wọ́n á kọ ọ́ pé "kí wọ́n fún ẹran lómi," wọn ò ní kọ ẹni tó máa pọn ọ́n. Màálù kan lè mu tó lítà 40 lóòjọ́ nígbà ooru, àgbò kan lítà 4 sí 8. Dúrọ́ọ̀mù kan gba nǹkan bí 200 lítà, ìyẹn ni pé màálù 20 ń fẹ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ kọ iye dúrọ́ọ̀mù sínú òfin, ẹ kọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ẹ sì kọ inú owó wo ni wọ́n á ti san án. Owó tí káńsù ń gbà lórí ẹran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa ló yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

Lórí gbígbé ẹran, ìdí tó fi yẹ kí a ka nǹkan kan léèwọ̀ gbọ́dọ̀ yé ọlọ́kadà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fi òru rìn. Ewúrẹ́ àti àgbò ń jẹ àpọ̀jẹ. Afẹ́fẹ́ ń kún inú wọn nígbà gbogbo, gígùfẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u síta. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ tàbí tí wọ́n dì í mọ́ ìjókòó ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè gùfẹ̀ mọ́. Ikùn á wú, á ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹran á sì lè kú kí wọ́n tó dé ilé oníbàárà. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí sínú agbọ̀n, lórí àyà rẹ̀, orí sókè, okùn kankan kò gbọ́dọ̀ fún un lọ́rùn. Adìẹ kò ní awọ tó pín àyà níyà sí ikùn bíi tiwa, nítorí náà bí ẹ bá so ó kọ́ lẹ́sẹ̀, ìfun rẹ̀ á rọ́ sórí ibi tó fi ń mí. Adìẹ 10 tó wọn kílò méjì-méjì tó fún agọ̀ rọ́bà kan. Ẹ má ṣe fún wọn mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń tu ooru síta.

Ọ̀rọ̀ dídúńbú ẹran ló gba ọgbọ́n jù. Ẹgbẹ́ Netherlands yẹn mú àbá kan wá pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹran tí wọ́n máa dúńbú láìkọ́kọ́ mú un dákú. Ilé aṣojú-ṣòfin wọn fọwọ́ sí i lọ́dún 2011. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù pawọ́ pọ̀ takò ó, ilé aṣòfin àgbà sì dà á nù lọ́dún 2012. Ìlú tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi tiwa, tí Iléyá jẹ́ ọdún gbogbo ilé, kò yẹ kó gba ọ̀nà yẹn. Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí a pọ́n ọ̀bẹ dáadáa, kí a sì mú ìrọ̀rùn bá ẹran tí a fẹ́ pa. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀: ọ̀bẹ tó gùn ní ìlọ́po méjì ìbú ọrùn ẹran, tí ẹnu rẹ̀ kò ní eyín, kí wọ́n má ṣe pọ́n ọn lójú ẹran, kí wọ́n má ṣe pa ọ̀kan níṣojú èkejì, kí wọ́n má ṣe gé iṣan ẹsẹ̀ màálù láti fi dá a dùbúlẹ̀. Bíbó awọ náà gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹran bá kú tán. Kí alápatà fi ìka kan ẹyinjú ẹran: bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, kò tíì kú.

Ti ajá kò gùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá ti gba abẹ́rẹ́, àìsàn náà kì í rí ibi gbà tàn. Fífi májèlé pa ajá ìgboro kò mú un kúrò. Ajá mìíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ ló máa wá gbapò. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn alápatà, ìyálọ́jà àti Sérìkí àwọn oníṣòwò màálù. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ òfin, àwọn ló máa pa á. Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń tètè bàjẹ́ ni kí ẹ gbé lọ bá wọn, nítorí àwọn náà ń pàdánù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ìwé yín má ju ojú ewé méjì lọ, kí ó béèrè ohun mẹ́ta péré: omi àti ìsinmi, agọ̀ àti agbọ̀n, ọ̀bẹ. Abẹ́rẹ́ ajá lè dúró de ìwé kejì. Ẹ mú ẹ̀dà kan fún wolé-wolé, ọ̀kan fún dókítà ẹran tó ń yẹ ẹran wò ní odò ẹran, kí ẹ sì gba ọjọ́ àti ìfọwọ́sí lórí ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ àsìkò ìbò káńsù, ìwé kan náà ni kí ẹ fún gbogbo ẹni tó ń dupò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, kí ẹ sì ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí òfin náà, ẹ lọ ka dúrọ́ọ̀mù ní Láfẹ́nwá láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran.