Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò, kí ló wá dé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí low-code

Kí ni wọ́n ń pè ní low-code yìí gan-an?

Ọ̀nà tí èèyàn fi lè kọ́ áàpù fún iṣẹ́ rẹ̀ láì jókòó kọ kóòdù láti orí dé ìdí ni. Ẹ ó fa fọ́ọ̀mù sójú iṣẹ́, ẹ ó fi bọ́tìnnì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó wá sọ ohun tí bọ́tìnnì náà máa ṣe bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Níbi tó bá ti le, ẹ ó kọ fọ́múlà bí irú èyí tí à ń kọ sínú Excel, tàbí kóòdù ìlà díẹ̀. Kóòdù kò tán níbẹ̀, ó kàn dín kù ni.

Orúkọ yẹn ni kò tíì pẹ́: 2014 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí Forrester bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. OutSystems, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú pèpéle bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Portugal ní 2001, ilé-iṣẹ́ Mendix tẹ̀ lé e ní Netherlands ní 2005.

Ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe é lóòótọ́?

Ó lè ṣe é. Èmi tiẹ̀ gbà pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ ló yẹ kó wà nídìí rẹ̀ jù, torí òun ló mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ lífù. Òṣìṣẹ́ kọ ọjọ́ tó fẹ́ lọ àti ọjọ́ tó máa wọlé, ó fi ránṣẹ́, ó bọ́ sórí fóònù ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá tẹ "Mo gbà" tàbí "Mi ò gbà". Ọ̀sán kan péré tó láti kọ́ ìyẹn. Àmọ́ bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá wà ní lífù ńkọ́, ta ni ìwé náà máa lọ bá? Bí ọ̀gá bá fẹ́ gba lífù tirẹ̀, ṣé ara rẹ̀ ló máa kọ̀wé sí, kó sì tún fọwọ́ sí i? Bí òṣìṣẹ́ bá padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ta ló máa dá ọjọ́ tó kù padà fún un? Pèpéle tí ẹ fi ń kọ́ ọ kò ní bi yín ní ọ̀kankan nínú èyí. Ó ti gba kíkọ kóòdù kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ríronú iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò ṣì wà lọ́rùn yín, ibẹ̀ ni àkókò sì máa ń lọ sí.

Mo fi Power Apps, pèpéle low-code ti Microsoft, kọ́ áàpù oníbàárà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo dán an wò. Nísinsìnyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò ó, kò rí orúkọ àwọn kan mọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn wà níbẹ̀. Kí ló fà á?

Èyí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, kò sì sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ fojú inú wo akọ̀wé kan tó ń tọ́jú fáìlì nínú yàrá ńlá. Ẹ ránṣẹ́ sí i pé, "Bá mi mú fáìlì gbogbo ẹni tó jẹ wá lówó wá." Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé e, ó máa wá yàrá náà láti ìkángun dé ìkángun, àwọn tí ẹ béèrè nìkan ló sì máa kó wá. Bí kò bá yé e, kò ní sọ pé kò yé òun. Ó máa kàn gbé 500 fáìlì tó wà níwájú fún yín, kí ẹ máa wá a fúnra yín.

Bí Power Apps ṣe ń ṣe nìyẹn. Fọ́múlà tó bá yé ibi tí dátà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wá gbogbo rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Èyí tí kò bá yé wọn níbẹ̀, áàpù máa kó ìlà 500 àkọ́kọ́ wá sórí fóònù, inú ìyẹn nìkan ló sì ti máa wá ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ lè sún iye náà dé 2,000, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ ń dán an wò, oníbàárà bíi 40 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pé 501 ni ẹnì kan pòórá.

Ti orúkọ tiẹ̀ sàn, torí ẹni tó ń wá a máa pariwo. Ìròpọ̀ ló ń dẹ́rù bà mí. Bí ẹ bá ní kó ro gbèsè gbogbo oníbàárà pọ̀, tó sì jẹ́ pé ìlà 500 nìkan ló rò, iye kan máa jáde lójú fóònù, ó máa jọ òótọ́, ẹni tó ń wò ó kò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan. Ọ̀gá á gbé iye yẹn lọ sípàdé.

Lójú iṣẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ ọ, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè máa ń yọ láti kìlọ̀ irú fọ́múlà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fò ó. Ọgbọ́n kan tún wà tí Microsoft fúnra wọn dámọ̀ràn: ẹ dín 500 yẹn kù sí 1 nígbà tí ẹ bá ń dán áàpù wò. Fọ́múlà tó bá ní ìṣòro máa mú ìlà kan ṣoṣo jáde, ẹ ó sì rí i lójú ẹsẹ̀, kí ó tó dé ọwọ́ ẹlòmíì.

Mo ti tẹ "Publish", bọ́tìnnì tó ń gbé áàpù jáde fún lílò. Ṣé kò tíì parí ni?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó, ó ti parí. Bí èèyàn mìíràn bá ti gbára lé e, ẹ nílò ààyè mẹ́ta: ibi tí ẹ ti ń kọ́ ọ, ibi tí ẹ ti ń dán an wò, àti ibi tí wọ́n ti ń lò ó, kí kálukú ní dátà tirẹ̀. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Bí ẹ bá yí orúkọ fọ́ọ̀mù tàbí ìlà dátà padà níbẹ̀, àfàìmọ̀ kí ẹni tó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́ má pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo akáǹtì tí áàpù náà fi ń wọlé síbi dátà. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ kan rí: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ìbéèrè owó kò lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn la rí i pé ẹni tó kọ́ ọ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ti ti akáǹtì rẹ̀ pa. Akáǹtì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ ṣí akáǹtì kan fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Ta ló lè rí dátà inú rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tí ẹ kò bá dínà fún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ààbò UpGuard kéde pé àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 38 ló wà ní gbangba lórí àwọn ìkànnì tí àjọ àti ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi fi Power Apps kọ́, títí kan ti ìforúkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí ẹni tó já wọlé. Ètò tó ń sọ pé ẹni báyìí ló lè rí dátà báyìí kò sí ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ́ ìkànnì náà kò sì tàn án. Microsoft yí i padà lẹ́yìn náà kó lè máa wà ní títàn fúnra rẹ̀. Kí áàpù yín tó jáde, ẹ fi fóònù tí kò sí orúkọ yín lórí rẹ̀ ṣí líǹkì rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa yọ.

Bí àwọn tó ni pèpéle náà bá pa á tì ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní 2020, Google kéde pé àwọn máa ti App Maker, pèpéle low-code tiwọn, pa, ó sì di títì pa ní oṣù kìíní 2021. Dátà ṣeé kó jáde, ṣùgbọ́n àwọn áàpù tí wọ́n fi kọ́ kò ṣeé gbé tààrà lọ síbòmíràn, àtúnkọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé dátà mi ṣeé kó lọ, ṣé áàpù mi ṣeé gbé lọ? Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ti àkọ́kọ́ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" sí èkejì.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé, bí áàpù bá dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ ṣì lè fi ìwé ṣe é. Ẹ má dán an wò lórí owó oṣù. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ní kó sọ gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kì í lọ bó ṣe yẹ, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Nígbà tí áàpù bá jáde, ẹ má tíì kó fọ́ọ̀mù orí ìwé nù. Kí wọ́n máa kọ ọ́ síbi méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa fi wọ́n wéra nírọ̀lẹ́.