Ìjáwé-olúborí Frankel ní Ascot, ọdún 2010

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Frankel jáwé olúborí nínú Royal Lodge Stakes, eré àwọn ẹṣin ọlọ́dún méjì, ní pápá Ascot nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí yóò díje nìyí. Ààyè tó wà láàárín òun àti èyí tó ṣe ipò kejì tó ẹṣin mẹ́wàá tí a tò tẹ̀lé ara wọn, bíi mítà 24.

Ní Òṣogbo, ẹṣin ogun ni ìtàn ìlú rántí, kì í ṣe ẹṣin eré. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó wá gbà á sílẹ̀ kọlù wọ́n lóru, wọ́n sì tú wọn ká. Bó ti wù kí ẹṣin yára tó, òru àti igbó kò jẹ́ kó na ẹsẹ̀. Ascot rí bákan míì: ọ̀sán ni wọ́n sáré, lórí koríko tí wọ́n tọ́jú.

Wọ́n bí Frankel ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2008. Galileo ni bàbá rẹ̀, Kind sì ni ìyá rẹ̀. Khalid Abdullah, ọmọ ọba Saudi Arábíà, ló ni ín; Henry Cecil ló ń kọ́ ọ ní Newmarket, ìlú eré ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Bobby Frankel, olùkọ́ ẹṣin ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2009, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹṣin yìí borí Nathaniel, ẹṣin mìíràn, díẹ̀ báyìí ní Newmarket nínú oṣù Kẹjọ 2010, ó sì fi gbogbo ẹṣin tó bá a díje ní pápá Doncaster sẹ́yìn pátápátá lẹ́yìn náà.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Ascot, ẹ̀yìn pátápátá ni Tom Queally, ẹni tó gun Frankel, kọ́kọ́ fi í sí. Ẹṣin márùn-ún ló díje, mítà 1,600 ni wọ́n sì máa sá. Frankel kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Bó bá tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀, ó lè rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òpin. Nítorí náà ni Queally fi fa ìjánu mọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìyípo tó kẹ́yìn, ó dẹ̀ ẹ́. Frankel gba ẹ̀gbẹ́ òde, ó kọjá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti wà níwájú kí wọ́n tó kọjú sí òpin pápá. Ibi yìí gan-an ni eré náà ti dùn wò jù, ju iye ààyè tó fi borí lọ.

Ní oṣù Kẹwàá 2012 ni Frankel fẹ̀yìn tì. Ó díje nígbà 14, ó borí nígbà 14. Àìsàn jẹjẹrẹ ń bá Cecil fínra ní gbogbo àkókò yẹn. Ó kú ní 2013.

Klammer ló ṣe ipò kejì ní Ascot. Treasure Beach, tó ṣe ìkẹta, ló gba Derby ti Írẹ́lándì, eré ńlá àwọn ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta, ní ọdún tó tẹ̀lé e.