Bí Igi Fúrúùtù Ṣe Ń Kọ́ Ìdúró Nínú Atẹ́gùn Etí Òkun

Ní àwọn ilé etí òkun, láti Èkó títí dé Àgbádárìgì, igi fúrúùtù wà lára igi tí ènìyàn sábà máa ń rí níwájú ilé. Wọ́n ń gbìn ín nítorí ẹ̀ka rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìpele-ìpele, nítorí ewé rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kó tó já bọ́, àti nítorí èso tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ ara rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ láti yọ ẹ̀pà inú rẹ̀. Gbígbìn rẹ̀ kò le. Iyanrìn kò ní in lára, iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wá kì í sì í tètè pa á, torí ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán bí awọ tí a fi òróró pa. Ohun tó gba àlàyé ni bí igi yìí ṣe ń mọ̀ ọ́n dúró ní àgbàlá tó ṣí sílẹ̀ gbayawu sí atẹ́gùn, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń fi ìfẹ́ ṣe igi wọn ní jàǹbá.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbin igi náà gan-an, wọ́n á ri òpó tó ga tó o mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fi wáyà so ó pinpin láti ìsàlẹ̀ dé òkè kó má baà mì rárá. Tó bá di ọdún kejì, igi náà á ti ga fíofío, á tín-ín-rín nídìí, orí rẹ̀ á sì ti wúwo. Wọ́n á wá tú wáyà, ìjì àkọ́rọ̀ òjò á dé, igi á wó, wọ́n á sì ní ìjì náà ló le jù. Àmọ́ wáyà yẹn ti ba igi náà jẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ìjì tó dé.

Láàárín èèpo igi àti igi fúnra rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni igi ti ń sanra. Nígbà tí atẹ́gùn bá ń tẹ igi kékeré síhìn-ín sọ́hùn-ún, awọ yìí máa ń nà lápá kan, á sì máa fún pọ̀ lápá kejì. Níbi tí wàhálà yẹn bá ti pọ̀ jù, tó sábà máa ń jẹ́ ìdí igi, ibẹ̀ ni igi náà á ti máa fi igi tuntun kún igi. Oúnjẹ tí ì bá fi ga ni yóò fi kì. Igi tí a kò jẹ́ kó mì kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó kì, gíga nìkan ló kù fún un láti ṣe.

Ní ọdún 1973, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mordecai Jaffe, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tó ti ń fi ọwọ́ ra ara àwọn ọ̀gbìn kéékèèké fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ̀wà wà nínú wọn, lárà wà níbẹ̀, patanmọ́ náà wà níbẹ̀. Gíga wọn sì falẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé patanmọ́ máa ń pa ewé rẹ̀ dé bí ọwọ́ bá kàn án, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí yìí fi hàn ni pé igi ara rẹ̀ pẹ̀lú ń gbọ́ ọwọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, lọ́nà tí ojú kò lè rí lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fúrúùtù rí sí atẹ́gùn.

Iṣẹ́ tó tóbi jù wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń ta kánópì sílẹ̀ de òde ìnáwó á ti rí i pé okùn tó wà ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ló máa ń le gbandi, tí èèkàn rẹ̀ sì máa ń fẹ́ fà yọ, nígbà tí òpó tó wà ní apá kejì á máa rì wọ ilẹ̀. Bí gbòǹgbò ṣe ń pín iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ti apá atẹ́gùn ni okùn, wọ́n ń gùn, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ti òdìkejì ni òpó, wọ́n ń nípọn kí wọ́n lè gba ìwúwo. Àwọn tó ń ta kánópì máa ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò kan èèkàn mọ́, ṣùgbọ́n igi kò lè wo ojú ọjọ́. Ibi tó bá ti dùn ún lónìí ló ń di okùn sí fún ọ̀la.

Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ àléébù kan wà nínú rẹ̀. Ní etíkun Èkó, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá. Ìjì ńlá tó ń ṣáájú òjò, èyí tó ń ká páànù òrùlé, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá. Afẹ́fẹ́ tó kọ́ igi kọ́ ni yóò dán an wò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbin fúrúùtù mọ́ ògiri tàbí kí a fi kọnkéré yí i ká ní apá ìlà-oòrùn, nítorí okùn tó ṣe pàtàkì jù ni a óò gé kúrò. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí a tú gbòǹgbò wò kí a tó gbin igi tí a rà nínú láìlọ́ọ̀nù dúdú: èyí tó bá ti lọ́ yípo nínú láìlọ́ọ̀nù dà bí okùn kánópì tí a wé mọ́ òpó rẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Kí a gé e, òmíràn á hù.

Ẹlòmíràn á mọ ògiri bíríkì gíga kó lè gba atẹ́gùn dúró. Atẹ́gùn kì í dúró. Ó máa ń fo ògiri ni, á sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyípo tó ń fa ẹ̀ka ya. Ọgbà tí a fi ohun ọ̀gbìn ṣe, tó jẹ́ kí bí ìdajì atẹ́gùn ráyè kọjá, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Àwọn kan tún máa ń tètè gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, wọ́n á ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń bọ́ ìdí igi kó lè kì. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀.

Bí igi náà kò bá lè dá dúró rárá lọ́jọ́ tí a gbìn ín, kí òpó rẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi náà, kí ó jẹ́ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni a óò fi so ó, kí a lọ́ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan láàárín òpó àti igi kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, kí a sì so ó dẹ̀ẹ̀. Wáyà máa ń jẹ èèpo wọlé títí á fi dá kòtò yí igi ká. Lẹ́yìn bí ọdún kan, kí a di igi náà mú ní ìwọ̀n àyà, kí a mì í, kí a sì máa wo ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń sán, gbòǹgbò kò tíì múlẹ̀. Bí igi bá ń tẹ̀ tí ilẹ̀ kò mira, kí a yọ òpó náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.