Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, èwo ni ká sọ?

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Yorùbá, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nípa ìbánikẹ́dùn ni pé: ṣé "Ẹ kú àràfẹ́rakù" bá gbogbo òkú mu?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo wọn mu, torí kò dárúkọ ikú rárá. "Fẹ́ kù" ló wà nínú rẹ̀, ohun tí à ń sọ tá a bá ka ewúrẹ́ nírọ̀lẹ́ tí ọ̀kan ò sí níbẹ̀: a fẹ́ ẹ kù. Níbí, ara wa là ń fẹ́ kù, àwa àti ẹni tó lọ. Ẹ lè fi kí ọmọ olóògbé, aya rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí dórí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Kì í béèrè irú ikú tó pa á. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má sunkún mọ́, èyí tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀.

Bó bá jẹ́ òkú àgbà, a lè fi "Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn wọn á dára" kún un, ká sì ṣàdúrà pé bí wọ́n ṣe sin òbí wọn, ọmọ tiwọn náà á sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn dé ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn; nínú àṣà wa, òbí kì í tilẹ̀ í dé ibojì ọmọ rẹ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́" tó.

Ti ọmọ ìkókó ló gba ìṣọ́ra jù. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́" là ń sọ fún ìyá tó ṣì lè bí òmíràn. Bí ìyá fúnra rẹ̀ bá bá ìrọbí lọ, agbè ti fọ́ nìyẹn, ẹ má sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, èmi kì í sọ ọ́ àyàfi tí àgbà ilé bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Lórí WhatsApp, ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí "ọ̀fọ̀". "Ofo" lásán lè di òfò, ó sì lè di ọfọ̀ táwọn babaláwo ń pè. Bí fóònù yín ò bá ní àmì, ẹ pe onítọ̀hún.